Iyanrìn Tí Ìyá Àgbà Ní Kò Dára

Irun ọmọ mi, Mojí, ni mò ń dì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá pè mí. Òṣogbo là ń gbé, nínú ọgbà ilé-ìwé tí ọkọ mi ti ń ṣe tíṣà. Ọmọ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, ó ń sunkún pé mo ń fa òun lórí, mo sì ti dì í dé ìdajì. Obìnrin kan láti agboolé wa l'Ẹ́dẹ ló yọ. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ló wọ̀ wá. Ó kí mi, ó kí ọmọ, ó béèrè bàálé mi, ó gba omi mu. Lẹ́yìn tó mu omi tán ló wá ní ara Ìyá Àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ yá, wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé.

Mo wo ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àárẹ̀ lásán ni, wọn ò ní í rán àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ gba orí irin wá. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi, pé ọkàn mi gbà á. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Bí Mojí ṣe dé Ẹdẹ nìyẹn, apá kan orí rẹ̀ ti di dídì, apá kejì rí wúruwùru, kò sì sẹ́ni tó ráyè parí rẹ̀ títí a fi sin ìyá tó bí ìyá mi.

Mi ò fẹ́ ka ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn fúnra wọn ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí ìyá mi kú, Ìyá Àgbà ló tọ́ mi dàgbà kí n tó lọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin n'Íbàdàn. Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn kò ju ẹnu wọn lọ, àti ọwọ́ wọn, àti ibì kan báyìí létí odò Ọ̀ṣun tí à ń pè ní Òkìtì.

Ẹ̀pà yíyan ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé iyanrìn ló ń yan ẹ̀pà, iná kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Wọ́n á da iyanrìn sínú agbada, wọ́n á kóná sí i títí yóò fi gbóná janjan, ẹ̀pà á wọlé, orógùn á máa yí i po. Bí iyanrìn bá ní amọ̀ nínú, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀pà lára. Bí hóró rẹ̀ bá tóbi jù, ẹ̀pà á jóná lápá kan, á sì wà ní tútù lápá kejì. Ìyá Àgbà á mú ìwọ̀nba tí èékánná lè bù, wọ́n á fi sórí ahọ́n, wọ́n á fi eyín iwájú tẹ̀ ẹ́, wọ́n á di ojú. Bí wọ́n bá tu ú dànù tán, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ti bù ú. Àwọn èèyàn a máa mú iyanrìn wá láti ọ̀nà Ṣẹ̀kọ̀nà, láti ẹ̀yìn oko, wọ́n á dì í sínú ewé láti fi dán wọn wò. Mi ò rí ọjọ́ kan tí wọ́n ṣì í. Nígbà tí ẹnì kan bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n ní, "Gbogbo ayé ló ń fi ahọ́n sọ̀rọ̀. Èmi, mo máa ń fi tèmi gbọ́rọ̀ ná."

Òkìtì ni iyanrìn wọn ti ń wá. Odò ló kó o jọ sí ibi tó ti ṣẹ́ kọ́ọ́nà nísàlẹ̀ ìlú, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ á tún gbá a sókè, á ga bí òrùlé. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹ̀pà ní bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń bù ú, lẹ́yìn ọyẹ́, igbá kan fún ẹnì kan. Ẹni tó fẹ́ bu tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé èyí tó ti dúdú nínú agbada rẹ̀ padà síbẹ̀. Kó tó fi igbá kàn án, yóò fi ọwọ́ lásán wá inú rẹ̀, nítorí inú iyanrìn ibẹ̀ ni ahun odò ń yé ẹyin sí.

Wọ́n lẹ́nu, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú sọ ọ́ bí ẹni pé àgùntàn ni wọ́n. Wọn kì í ṣe àgùntàn. Ìyá Rábì tí ń gbé òdìkejì ọ̀nà náà ń yan ẹ̀pà, ìmàle ni, ọjọ́ orí wọn ò jìnnà síra. Kò sí òwúrọ̀ tí àwọn méjèèjì kò bú ara wọn. Ìyá Àgbà á ní ẹ̀pà Ìyá Rábì le tó òkúta tí wọ́n fi ń lọ ata. Ìyá Rábì á ní ti ìyá wa ti rọ̀ bí ẹnu ẹni tó ń tà á. Ní ọdún kan tí Ìyá Rábì dùbúlẹ̀ àìsàn, ìyá wa ń yan tiwọn, wọ́n tún ń yan tirẹ̀, wọ́n sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀ láti bú u pé ọ̀lẹ ni, kó dìde. Ọjọ́ tí a sin wọ́n, Ìyá Rábì wá, ó jókòó sẹ́bàá òkú. Nígbà tó yá ló gbójú sókè wò mí, ó ní, "Àbẹ̀ní, ta ló wá kù tó lè bú mi dáadáa?"

Wọn ò tíì bí mi nígbà tí ojú irin ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni Ìyá Àgbà sọ ọ́ fún mi, ní àwọn ọjọ́ tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ojú irin ń wá iyanrìn tí wọ́n máa fi ṣe afárá àti ilé tẹ́ṣàn. Wọ́n wá a káàkiri, kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Àwọn ará ìlú ní kí wọ́n lọ bá obìnrin ẹlẹ́pà. Wọ́n di oríṣiríṣi iyanrìn sínú aṣọ ìnujú, wọ́n gbé e wá. Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tu gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n ní kí àwọn èèyàn náà máa bọ̀. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló mú wọn dé Òkìtì. Òyìnbó tó jẹ́ olórí iṣẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níṣojú gbogbo àwọn tó dúró, ó ní irú obìnrin yìí kò sí. Orí wọn wú. Wọ́n ní odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn fi rìn bí olorì.

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni wọ́n fi wa Òkìtì. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, kòtò ńlá ló kù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri, omi pupa dá rogún sí ìsàlẹ̀. Àwọn ewéko tí wọ́n di iyanrìn mú ti bá a lọ, nítorí náà nígbà tí ọyẹ́ dé, afẹ́fẹ́ gbé iyanrìn tó kù lọ bo oko àwọn tó wà nítòsí. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń gbẹ́ ihò sára bèbè kò padà wá. Èyí tó dun Ìyá Àgbà jù ni ti ahun odò. Àkókò tí wọ́n ń yé ẹyin tó, wọ́n gòkè wá láti inú odò, wọ́n ń rìn yí kòtò náà ká, wọn ò rí ibi tí wọ́n mọ̀. Ọ̀kan yé ẹyin rẹ̀ sórí òkúta gbalasa. Ìyá Àgbà dúró ti ẹyin náà títí oòrùn fi sè é. Ìgbàkígbà tí ìtàn náà bá dé ibẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Mo gbọ́ ìyìn, mi ò gbọ́ ṣọ́bìrì."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà tí mo dáyé, tí mo lè rìn, èmi náà ń bá wọn lọ. Gbọ̀rọ̀ ayaba ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn, ìtàkùn tí ń fà nílẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ pupa bí inú ẹnu ọmọdé. Èmi ni mo máa ń di ìtàkùn náà lẹ́rù. Wọ́n á fi ìka gbẹ́ iyanrìn, wọ́n á tẹ́ ẹ sùn sínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ ọmọ.

Wọ́n ṣe àṣìṣe o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí n tó dáyé, àánú ewéko ṣe wọ́n, wọ́n ń ru ilẹ̀ dúdú láti ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa lọ dà sí i lórí, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bu omi rin ín. Ní òjò ọdún náà, gbogbo èpò ààtàn hù, wọ́n ga, wọ́n bo ìtàkùn mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ lásán ni Ìyá Àgbà fi kó ilẹ̀ dúdú náà kúrò, ó sì gbà wọ́n tó òjò méjì. Wọ́n ní ewéko orí iyanrìn kì í fẹ́ ọ̀rá, ibi tí kò sí nǹkan gan-an ló ti ń rí ààyè mí. "Àánú mi ti pọ̀ jù," ni wọ́n wí. "Kí n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ebi wọn ni wọ́n ń fẹ́."

Lẹ́yìn tí ìtàkùn ti di ilẹ̀ mú, àwọn yòókù ń wá fúnra wọn. Koríko ẹ̀kan wá. Patanmọ́ wá, mo máa ń fọwọ́ kàn án kó lè pa ojú dé, Ìyá Àgbà á ní kí n jẹ́ kó sinmi. Yánrin yọ òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè láàárín iyanrìn funfun, a sì ń já ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sè. Èèsún hù yí omi inú kòtò ká, kọ̀ǹkọ̀ kún ibẹ̀, lékèélékèé tẹ̀ lé kọ̀ǹkọ̀. Ohun tó wá yà wá lẹ́nu ni pé ògiri tí ṣọ́bìrì gé sílẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ẹyẹ kéékèèké náà gbà. Wọ́n gbẹ́ ihò sí i lára, ó pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tó jẹ́ pé bí a bá yọ láàárọ̀, wọ́n á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni da àgbàdo. Inú mi dùn. Mo ní, "Ìyá Àgbà, wọ́n ti dárí jì yín." Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí. "Wọn ò dárí jì mí o, Àbẹ̀ní. Wọ́n kàn rí ilé gbé ni."

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ọ̀gá iṣẹ́ mìíràn dé. Wọ́n fẹ́ mú tẹ́ṣàn gbòòrò sí i. Ọkùnrin dúdú bíi tiwa ni, ó wọ fìlà òyìnbó, ó sì mọ èèyàn bọ̀wọ̀ fún. Ó ti gbọ́ nípa Òkìtì àti nípa obìnrin tó tọ́ iyanrìn wò. Ó ní òun kò ní í fi ṣọ́bìrì kàn án láìjẹ́ pé Ìyá fi ẹnu wọn sọ ọ́. Àwa mẹ́ta la lọ síbẹ̀. Àwọn ẹyẹ wà lára ògiri wọn. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ìwọ̀nba tí èékánná lè bù, wọ́n fi sórí ahọ́n, wọ́n di ojú. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó là á. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí iyanrìn yìí kan náà la fi yan ẹ̀pà láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Wọ́n tu ú dànù. Wọ́n ní, "Amọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Odò ló gbé e dé. Bí ẹ bá fi kọ́lé, ògiri yín á là."

Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, ó dá yín lójú?"

"Ẹ bi ìlú yìí léèrè bóyá mo ti purọ́ iyanrìn rí."

Mo la ẹnu. Ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ wọn, wọ́n sì fún un tó bẹ́ẹ̀ tí mo pa ẹnu mi dé. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a ń padà bọ̀, wọn ò tíì tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti di òótọ́ láti òní lọ. Èmi àti ìwọ la ó máa gbé inú rẹ̀."

Wọ́n gbé inú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ti sọ pé iyanrìn kan kò dára kò lè tún máa fi yan ẹ̀pà fún ìlú jẹ. Wọ́n gbé iyanrìn inú agbada padà sí Òkìtì, wọ́n da agbada dojú dé sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú. Òwú yẹn kò dára. Àwọn èèyàn ní ọwọ́ Ìyá ti kọṣẹ́, wọ́n ní ẹnu wọn ti kú. Ìyá Rábì, tó mọ iyanrìn náà bí Ìyá Àgbà ṣe mọ̀ ọ́n, jáde sí ojú ọ̀nà ní ọjọ́ kejì, ó ń pariwo fún gbogbo àdúgbò pé iyanrìn Òkìtì ti ba ẹ̀pà òun jẹ́, pé amọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ó lọ ń bu ti ibòmíràn, ẹ̀pà rẹ̀ ń jóná fún bí oṣù mẹ́fà. Mi ò gbọ́ kí òun àti Ìyá Àgbà sọ ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn rí.

Èyí tó le jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Onítẹ̀bọmi ni wá. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n á gbà á, wọ́n á gbé e kọjá fún ẹni tó kàn. Wọn ò jẹ ẹ́ mọ́ títí wọ́n fi kú. Pásítọ̀ bi wọ́n, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn àti Ọlọ́run ni. Mo bínú sí wọn nígbà èwe mi, kí n má parọ́. Mo bínú nítorí òórùn ẹ̀pà tó kúrò nínú ilé wa, mo bínú nítorí ojú tí wọ́n fi ń wò wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo ń lọ Ìbàdàn mo bi wọ́n bóyá wọn ò lè tọrọ ìdáríjì kí ó tán. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń tọrọ ìdáríjì gbọ́dọ̀ ṣe tán láti ṣíwọ́. Èmi ò tíì ṣe tán."

Òórùn yẹn ṣì ń wá mi. Mo lè wà lórí ìkòkò ara mi l'Óṣogbo, kó yọ sí mi nímú láti ibi tí mi ò mọ̀, iyanrìn gbígbóná àti èèpo ẹ̀pà, kí n yíjú padà bí ẹni tí wọ́n pè. Mo ń ṣàfẹ́rí ìka wọn tó le. Mo ń ṣàfẹ́rí bí wọ́n ṣe ń dúró lójijì lójú ọ̀nà, tí wọ́n á gbé ọwọ́ sókè kí n má sọ̀rọ̀, nítorí pé nǹkan kékeré kan ń kọjá nínú koríko. N kò ní í rí ẹni tó máa dá mi dúró bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin tí a sin wọ́n, ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí sí ẹ̀yìn ilé. Bàbá Délé ni à ń pè wọ́n. Bíríkìlà ni wọ́n, díákónì sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ilé tí wọ́n kọ́ l'Ẹ́dẹ láti ọdún wọ̀nyí, odò kan lọ́nà Awo ni wọ́n ti ń ru iyanrìn rẹ̀, nítorí ìyá wọn ní ti Òkìtì kò dára. Wọ́n ní ìtìjú ń pa àwọn. Àwọn ló ń gbé àwo Oúnjẹ Alẹ́ kiri nínú ìjọ, ọwọ́ wọn ni ìyá wọn ti ń gbà á tí wọ́n sì ń gbé e kọjá, wọn ò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyá wọn ṣẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. "Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ wọn, Àbẹ̀ní. Kí ni ìyá mi ṣe?"

Bí mo bá sọ ọ́, orúkọ wọn á mọ́, àmọ́ mo ti fi Òkìtì lé ọwọ́ bíríkìlà nìyẹn. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, wọ́n á máa gbé ìyá wọn káàkiri lọ́kàn bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀."

A lọ ní kùtùkùtù, Mojí tẹ̀ lé wa. Mo sọ ohun gbogbo fún Bàbá Délé níbẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu iyanrìn díẹ̀, wọ́n fi sẹ́nu. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n mọ̀. Lára ògiri, àwọn ẹyẹ ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ahun kan ti fa ẹsẹ̀ kọjá lórí iyanrìn ní òru, ipa rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bàbá Délé ń tọ ipa náà lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ lẹ́yìn, títí ó fi parẹ́ sábẹ́ gbọ̀rọ̀ ayaba. Wọ́n dúró níbẹ̀. Nígbà tó yá, èjìká wọn ń mì, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, pẹ̀lú omi lójú.

Wọ́n fọwọ́ pa àtàrí wọn. "Ẹrù iyanrìn Awo ló pá mi lórí yìí. Kò sì pá lásán." Wọ́n gbọn ọwọ́ wọn méjèèjì kí iyanrìn má bà á tẹ̀ lé wọn lọ, wọ́n ní, "Ọ̀la mò ń lọ sí Awo."

A délé tán ni Mojí fà mí láṣọ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ nǹkan. Ó bi mí bóyá Ìyá Àgbà purọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni, mi ò ní í fún un lórúkọ mìíràn, wọ́n sì mọ̀ pé irọ́ ni lójoojúmọ́ ayé wọn. Ó ronú sí i. Ó ní, bí èèyàn bá wá bi òun lọ́jọ́ kan bóyá iyanrìn náà dára ńkọ́?

Mo ní, "Sọ fún un pé ó dára. Ṣùgbọ́n kó tó gbé ṣọ́bìrì, mú un lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kó dúró jẹ́ẹ́, kó wo àwọn tó ń jáde."